Ikọ́ ọmọ mi ò gbọ́ Amoxicillin, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ dákun. Ọmọ mi ọdún méjì lo Amoxicillin, oògùn apakòkòrò, fún ọjọ́ 5 gbáko, ibà ò lọ. Mo ka èémí rẹ̀ lójú oorun: 52 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ tó bá ti pé 40 lọ́jọ́ orí rẹ̀, ó ti yá jù. Ìhà rẹ̀ sì ń wọnú. Wọ́n ti dá wa dúró sí ọsibítù, abẹ́rẹ́ ceftriaxone, apakòkòrò mìíràn, ló ń gbà báyìí.

Dókítà ní kòkòrò tó ń ṣe é lè má ka oògùn àkọ́kọ́ sí mọ́. Wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún culture, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Kí n má purọ́, mo ti fún un ní oògùn tó ṣẹ́kù nínú ìgò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ṣé kí n sọ fún dókítà? Ojú ń tì mí. Ta lọ́rọ̀ yìí ti kàn rí? Ọjọ́ mélòó lèsì culture yín gbà kó tó jáde?