Ṣé aṣọ ọdẹ olówó gọbọi pọn dandan?

Ẹ̀yin ọdẹ Iléṣà àti Ìfẹ́wàrà, ẹ kú ewu igbó o. Ìbéèrè mi dá lórí aṣọ tí wọ́n ya ewé àti èèpo igi sí lára. (Ti ológun kọ́ o, òfin kò gba aráàlú láyè láti wọ ìyẹn.)

Ẹtu àti ìgalà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé. Búlúù ni ojú wọn tètè ń rí. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tó ń mú aṣọ tàn tún ń jẹ́ kí ẹ̀wù hàn sí wọn. Àparò ní tirẹ̀ ń rí gbogbo àwọ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn ọdẹ fẹ́ lọ bá ẹran, aṣọ wo ló fẹ́ bo òórùn? Aṣọ onírọ́bà ń dún wàrà-wàrà lára ewé. Ti òwú kì í dún, àmọ́ bó bá tutù, kì í tètè gbẹ.

Ṣé òkìrìkà aláwọ̀ ilẹ̀ láti ọjà Àtàkúnmọ́sà kò tó? Aṣọ wo ni kì í dún tó sì ń tètè gbẹ? Bí ẹ bá pọ̀ nínú igbó lọ́sàn-án, ṣé ẹ máa ń so aṣọ pupa mọ́ fìlà, kí ẹnìkan má baà ṣèèṣì yìnbọn lu ẹnìkejì?