Oró ni ó pa ewúrẹ́, kì í ṣe májèlé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín láti Adó-Èkìtì. Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, èyí tí wọ́n ṣe fún ìwé pélébé tí a fẹ́ pín fún àwọn tí ń sin ewúrẹ́, adìẹ àti ajá. Wọ́n pe ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun tí ń ṣe ẹran ní jàǹbá láti inú oúnjẹ àti kẹ́míkà ní "ìmọ̀-májèlé-ẹran-ọ̀sìn", wọ́n sì pe oògùn tí a fi ń gba irú ẹran bẹ́ẹ̀ là ní "adojú-ìjà-kọ-májèlé". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí ọdún tí wọ́n ti fi ń kọ́ni ní èdè yìí pọ̀ ju ọjọ́ orí àbúrò mi lọ. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kejì yẹn gùn débi pé ewúrẹ́ yóò ti kú kí dókítà ẹranko tó pè é tán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì lè dá ìjà sílẹ̀ ládùúgbò. Ti àkọ́kọ́ ni ó dùn mí jù.

Nínú Yorùbá tí wọ́n fi tọ́ mi, májèlé kì í dá rìn, ọwọ́ ènìyàn kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé lágbájá jẹ májèlé, ìbéèrè méjì péré ni ẹni tí ó gbọ́ yóò bi yín: ta ni ó fún un, àbí òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e jẹ? Kò sí ẹni tí yóò béèrè pé irú kí ni ó jẹ. Mo rí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré lọ́dọ̀ àbúrò màmá mi ní Ìlawẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ já okùn lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì wọ ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò wa tí ó ń bó ẹ̀gẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣe gàrí. Òkìtì èèpo tútù wà nílẹ̀, ewúrẹ́ sì ki ẹnu bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí ó padà wálé tí ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ó ya ẹnu sílẹ̀ tí ó ń mí gúlegúle, ìdí eyín rẹ̀ sì pupa fòò bí ẹni pé ara rẹ̀ le ju ti àná lọ. Àbúrò màmá mi pariwo pé wọ́n ti fún ewúrẹ́ òun ní májèlé jẹ. Gbólóhùn yẹn ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí obìnrin aládùúgbò náà ti bínú ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú pé ewúrẹ́ yìí kan náà jẹ ẹ̀fọ́ òun. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Wọ́n rọ epo pupa sí ẹran náà lẹ́nu, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Ilé méjèèjì kò kí ara wọn fún ọdún méjì gbáko.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fún ewúrẹ́ ní nǹkan kan. Ẹ̀gẹ́ ni ó ní ohun tí ń di sáyánáìdì nínú ara rẹ̀, ó sì pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹran iṣu rẹ̀ lọ. Bí ewúrẹ́ ti ń rún un ni sáyánáìdì ń jáde, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń bẹ nínú àpòlúkù ẹran tí ń jẹ àpọ̀jẹ sì tún ń bá a tú u jáde, èyí tí ó fà á tí ó fi tètè ń mú ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé afẹ́fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà gbogbo ara, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kò ṣí, nítorí sáyánáìdì ti di ibi tí ara ti ń lo afẹ́fẹ́ náà mú. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi ń pọ́n ní àkókò tí ẹran ń kú lọ. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń sá èèpo sínú oòrùn kí wọ́n tó fún ẹran. Epo pupa kò sì ràn án rárá: bí ẹran tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́ bá fa epo sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn nìkan tó pa á. Ẹ wá sọ fún mi, bí ìwé tí a fẹ́ fi la ojú àwọn ènìyàn bá kọ "májèlé" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, ṣé a kò tún fi ìbéèrè "ta ni?" sí wọn lẹ́nu níbi tí "kí ni?" ti yẹ?

Ẹnìkan nínú wa ti dáhùn pé májèlé kò ní ẹ̀sùn kankan nínú, pé "má jẹ ilé" ni wọ́n pa pọ̀ di májèlé, àti pé ohun jíjẹ lásán ni ó túmọ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a fi etí sí ohùn kí a tó máa pín ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. "Jẹ" ní àmì lábẹ́ ẹ rẹ̀, ohùn àárín ni ó sì wà lórí rẹ̀. Bí a bá jẹ iṣu, a ó ní a jẹṣu. Bí ohun kan bá lè jẹ ilé, yóò jẹlé. Ọ̀nà wo ni "jẹ" gbà di "jè", tí ó pàdánù àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó sì tún ya ohùn ìsàlẹ̀ lò láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò rí? Yàtọ̀ sí èyí, àwa tí a ń pe ilé ní ulé ní Èkìtì ńkọ́? Ó yẹ kí a ti gbọ́ "májulé" rí lẹ́nu arúgbó kan, ì báà jẹ́ ní Ìjerò tàbí ní Ọ̀tùn. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ nínú ulé náà lè di pípajẹ, kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹni náà kọ́kọ́ sọ ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ yẹn ti wá fún wa.

Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni oró. A ní oró ejò, oró àkeekèé, oró agbọ́n. Àwọn ọdẹ ní oró tí wọ́n ń fi sí orí ọfà. Ẹ̀gbọ́n wa ní oró kò wọ oúnjẹ, pé ohun tí ń ta ni tàbí tí ń bu ni jẹ ni ó ni ín. Kí ni àwọn oníròyìn wa ń pè ní oògùn olóró, tí wọn kò yé kà á lórí rédíò? Ṣé oògùn yẹn ń ta ènìyàn bí agbọ́n ni? Wọ́n ń gbé e mì, wọ́n ń fà á símú, a sì ń pè é ní olóró láìsí ẹni tí etí rẹ̀ yún. Bí wọ́n bá ní oró túmọ̀ sí ìyà, bí ó ti wà nínú "adánilóró fagbára kọ́ni", èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ohun tí nǹkan náà ń ṣe nínú ara, kò bìkítà nípa ọwọ́ tí ó gbé e wá.

Ẹ tún wo kòkó. Kòkó ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé ní Èkìtì yìí, òun ni a sì ń pò mu lówùúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ajá bá jẹ ẹ́ yó, èròjà tí wọ́n ń pè ní theobromine tí ara tiwa ń tètè lé jáde yóò pẹ́ nínú ara ajá, yóò máa bì, ọkàn rẹ̀ yóò máa sáré, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Ta ni nínú wa tí yóò gbójú gbóyà pe kòkó bàbá rẹ̀ ní májèlé? A lè sọ pé oró ni fún ajá, kò sì ní gún ẹnikẹ́ni létí.

Àwọn tí wọ́n ń sọ pé oró kò ní iyì tó láti gbé orúkọ ẹ̀kọ́ ilé ìwé gíga, ẹ lọ wo ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti rí tirẹ̀. Toxon ni àwọn Gíríìkì ń pe ọrun tí a fi ń ta ọfà, toxikon sì ni ohun tí wọ́n ń fi pa orí ọfà. Oró ọfà àwọn ọdẹ ni gbogbo ayé ń dì mọ́ra nínú yunifásítì, tí a wá ń tijú tiwa. Nítorí náà, "ìmọ̀ oró lára ẹran" ni mo dá lábàá, kí àwọn atẹ̀wé má sì ṣe yọ àmì orí rẹ̀, nítorí bí ó bá di "ìmọ̀ orò", àwọn obìnrin tí ó ni ìdajì adìẹ ìlú yìí kò ní lè ṣí ìwé náà.

Ó wá ku "adojú-ìjà-kọ-májèlé". Arákùnrin wa láti Ìkọ̀lé fẹ́ tún un ṣe, ó sì kọ "ẹ̀rọ májèlé". Àbúrò, ẹ̀rọ tí ẹ kọ yẹn ni a fi ń lọ ata. Ẹ̀rọ̀, ohun tí ń mú ara rọ̀, ni ẹ fẹ́ kọ, ohùn ìsàlẹ̀ méjì, bí ìgbín ti ń rọra rìn. Ẹ kò ṣẹ̀ ní ti ọ̀rọ̀ tí ẹ mú, àmì kan ṣoṣo ni ó sọ oògùn di ilé iṣẹ́ tí ń ṣe májèlé.

Ṣùgbọ́n aporó, ohun tí ń pa oró, náà wà nílẹ̀ láti ayébáyé, n kò sì gbà pé ohun kan náà ni òun àti ẹ̀rọ̀. Ẹ wo sodium thiosulphate tí dókítà ń fún ẹran tí ẹ̀gẹ́ mú, lẹ́yìn sodium nitrite, láti ojú iṣan. Ó ń sọ sáyánáìdì di nǹkan mìíràn tí ẹran yóò tọ̀ dànù. Ìyẹn pa oró ní tòótọ́, aporó ni. Ẹ wá wo ajá tí ó lá ọ̀tapíapía tí wọ́n dà sílẹ̀ nítorí aáyán. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, omijé ń bọ́, ó ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́, ọmọlójú rẹ̀ sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, iṣan ara rẹ̀ ń jà pìrìpìrì, omi sì ń kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dichlorvos tí ó wà nínú rẹ̀ ti de èròjà tí ó máa ń sọ fún iṣan pé ó tó. Atropine tí dókítà ń fún un kò fọwọ́ kan oró náà rárá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dí ibi tí ariwo náà ń gbà wọlé, dókítà yóò sì máa fún un léraléra, tí yóò máa gbọ́ èémí rẹ̀, títí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi gbẹ. Oró wà níbẹ̀, ara rọ̀. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ẹ̀rọ̀, n kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Pralidoxime tí wọ́n ń fi kún un ni ó ń já èròjà náà gbà lọ́wọ́ oró, bí wọ́n bá tètè fún un. Òun ni mo lè kà mọ́ aporó, bí ẹ̀gbọ́n wa bá yọ̀ǹda.

Oògùn eku ni ó wá dá mi dúró, ibẹ̀ ni mo sì ti ń wá ìrànlọ́wọ́ yín. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1920 sí 1930, màlúù ń jẹ koríko gbígbẹ kan tí ó ti bu, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára wọn láìdá. Àgbẹ̀ kan gbé òkú màlúù àti garawa ẹ̀jẹ̀ tí kò dì lọ sí yunifásítì Wisconsin ní ọdún 1933, ọ̀dọ̀ Karl Paul Link, onímọ̀ kẹ́míkà, ni ó sì bọ́ sí. Inú ìwádìí yẹn ni oògùn eku tí ó jáde ní ọdún 1948 ti wá. Warfarin ni wọ́n sọ ọ́: lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àjọ tí ó fowó sí ìwádìí, WARF, wọ́n sì so ìrù coumarin, orúkọ irú kẹ́míkà tí ó jẹ́, mọ́ ọn. Kò sí àgbà kan tí ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí mọ́fíìmù, ègé ọ̀rọ̀, yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni aflatoxin, tí wọ́n mọ̀ lẹ́yìn tí tòlótòló tí ó lé ní 100,000 kú ní Ìlú Ọba ní ọdún 1960 nítorí ẹ̀pà tí ó ti bu: a láti ara Aspergillus, fla láti ara flavus, tí àwọn méjèèjì jẹ́ orúkọ èbu náà, toxin, ìyẹn oró wọn, sì tẹ̀ lé e. Èmi yóò pè é ní oró èbu, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ di èbù, ní ilẹ̀ tí a ti ń gbin iṣu. Kò ní aporó, kò ní ẹ̀rọ̀, ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́, àgbàdo tí ó bá ti bu, kí á má ṣe lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ adìẹ, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó.

Ní ti oògùn eku, ajá lè jẹ ẹ́ lónìí, kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Fítámì K1 ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan pàápàá bí oògùn náà bá jẹ́ ti ìsinsìnyí. K1 kò pa oró, kò sì rọ ara. Ohun tí oró kò jẹ́ kí ara rí lò ni ó ń fi sí i padà. Kí ni kí a wá pè é? Mo ti gbé "arọ́pò" wò, ṣùgbọ́n ó ń mú mi rántí ẹni tí ó jókòó sípò olóògbé.

Ẹ̀gbọ́n wa bi mí pé ọ̀dọ̀ ta ni mo ti kọ́ oró. Bàbá màmá mi ni, ọdẹ ni wọ́n ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Bí wọ́n bá gbé ẹran dé, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé ẹran ara ibi tí ọfà wọ̀ yíká, wọ́n á sọ ọ́ sínú iná, wọn kò sì ní jẹ́ kí ajá sún mọ́ ọn. "Oró wà níbẹ̀" ni wọ́n máa ń sọ fún wa. N kò gbọ́ májèlé lẹ́nu wọn rí, àfi nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó ẹnìkan ní ìlú kejì.

Mo ń retí èsì yín lórí K1. Lórí adojú-ìjà-kọ-májèlé, n kò retí nǹkan kan.