Ṣé "òfin ọlọ́wọ́-gígùn" ló yẹ ká máa pè é?

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ọ̀fà dá a lábàá pé "òfin ọlọ́wọ́-gígùn" ni kí a máa pe òfin tó bá mú ilé-iṣẹ́ tí kò sí lórílẹ̀-èdè tó ṣe é, irú èyí tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 láti dáàbò bo ìwífún nípa ara ẹni. (Inú mi dùn pé wọn kò lo "dátà", nítorí ẹni tó bá gbọ́ "ààbò dátà" yóò rò pé bí dátà orí fóònù kò ṣe ní í tètè tán là ń wí.)

Orúkọ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ ẹnì kan gùn, ohun tí àwa níbí ní Ìlọrin yóò gbọ́ ni pé ó ń nawọ́ sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ nawọ́ wọlé wa: òkè òkun ló jókòó sí tó ti gba nọ́ńbà fóònù àti àwòrán ẹni tó wà ní Tànkẹ́. Òfin 2023 ní bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Nàìjíríà, bó bá ti ń lo ìwífún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, òfin mú un.

Ẹ kíyè sí "ẹni tó wà". Ọmọ Gánà tó ń ṣòwò ní Ìlọrin wà níbẹ̀. Nítorí náà "òfin abánirìn", tí ẹlòmíràn mú wá, yóò ṣì wá lọ́nà, bí ẹni pé òfin náà ń tẹ̀lé ọmọ Nàìjíríà kiri ayé. Ìlànà ọdún 2019 tó ṣáájú rẹ̀ ló dárúkọ ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé lẹ́yìn odi.

"Òfin amókèèrè", ìyẹn òfin tó ń mú ẹni tó wà lókèèrè, ni èmi fara mọ́. Kò jọ "òfin òkèèrè", ó sì bá a mu níhà méjèèjì: bí òfin tiwa ṣe ń mú ará òkèèrè ni òfin tiwọn náà ń mú wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ta aṣọ òfì tí wọ́n hun níbí fún àwọn oníbàárà ní Jámánì. Yúrò ló fi ń dá iye lé e, inú fóònù rẹ̀ sì ni orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn àti ìwọ̀n orí tó fi ń rán fìlà wọn wà. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí ìwífún nípa ara ẹni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, mú òun náà, nítorí pé ó dìídì ń tajà fún àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn lè rí ọjà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn nìkan kò tó.

Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní, "Bọ̀dá, ta ni yóò wá bá mi ní Ìlọrin?" Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n gbà pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ ká lo "ìkápá òfin" fún ohun kan náà. Òfin lè mú ẹni tí apá rẹ̀ kò ká. Ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù fi ní kí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó wà lókèèrè yan aṣojú kan sí ilẹ̀ wọn, kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi "ìkápá" sílẹ̀ fún agbára láti mú òfin ṣẹ, ká sì fi "amókèèrè" pe òfin fúnra rẹ̀.