Ìpàdé ọlọ́kọ̀ oníná ní Mápó: kí la máa fi han ará ìlú?

OlóríWáyà: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa kan tí à ń wa mọ́tò oníná n'Ìbàdàn fẹ́ kóra jọ ní Sátidé kan ní iwájú gbọ̀ngàn Mápó, kí ará ìlú wá wò ó, kí wọ́n wọ̀ ọ́. Mọ́tò Nissan Leaf mẹ́ta, Hyundai Kona kan, ọ̀kadà oníná méjì. A kì í ṣe ọlọ́jà. Báwo la ṣe ń gbé èèyàn yípo láìsí wàhálà? Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ṣé ká gbé jẹnẹrétọ̀ wá ni?

Bátìrì40: Ẹ má gbé e wá rárá! Mọ́tò oníná tí wáyà rẹ̀ wọnú jẹnẹrétọ̀, fọ́tò yẹn nìkan ni wọn yóò gbé sórí WhatsApp. Àpótí ṣáájì tiẹ̀ sábà máa ń kọ jẹnẹrétọ̀ kékeré, torí wọn kì í so neutral rẹ̀ (wáyà tí iná ń gbà padà) mọ́ earth (wáyà ilẹ̀).

Ilé ni kí ẹ ti ṣáájì lóru Jímọ̀. Bí ẹ bá fi 10A fa sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A, bíi 2.3 kW ló ń wọlé. Wákàtí mẹ́wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún Leaf tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 24 kWh (kWh ni ẹyọ iná tí mítà ń kà). Bí ẹ bá máa lo ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n, kí wáyà rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm², kí ẹ sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀; èyí tó bá ká jọ máa ń yọ́. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fọwọ́ kan orí plọ́ọ̀gì. Bí ọwọ́ ò bá lè dúró níbẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì ti dẹ̀ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Mọ́tò tó máa sọ̀kalẹ̀ òkè Mápó, 80% ni kí ẹ ti dá ṣáájì rẹ̀ dúró. Bátìrì tó kún kò ráàyè gba iná tí mọ́tò ń dá padà nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí gan-an nìyẹn.

Bátìrì kékeré 12V ló sì ń dójú ti èèyàn jù. Ilẹ̀kùn ṣí láti àárọ̀, rédíò ń kọrin, mọ́tò ò sí ní READY (ẹ ò tíì tàn án láti rìn): bátìrì ńlá ò ní ràn án lọ́wọ́. Tó bá di ọ̀sán, mọ́tò ò jí mọ́. Ẹ mú jump starter dání, bátìrì àgbéká tó ń jí mọ́tò.

ÌyáKóònù: Òótọ́ lọ̀gá sọ. Ní ti gbígbé èèyàn yípo, ẹni tó ni mọ́tò ni kó máa wà á. Àlejò á jókòó sí iwájú. Mọ́tò yìí ò pariwo, ọmọdé ò ní gbọ́ pé ó ń bọ̀, torí náà ẹ to kóònù, kí ẹnì kan dúró níbi àbáwọlé, ẹnì kan níbi àbájáde.

Mọ́tò tí wọ́n ń jókòó sí ya fọ́tò, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹni tó bá tẹ bírékì tó tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò ti jí nìyẹn, láìdún. Àwọn mẹkáníìkì á fẹ́ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹ ṣí i, ṣùgbọ́n kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dúró tì í. Wáyà aláwọ̀ ọsàn wọ̀nyẹn, iná inú wọn ju 300V lọ.

Ọ̀nkàwé: Owó ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó: Leaf ń jẹ nǹkan bíi 18 kWh láti ara mítà fún 100 km nígboro, mọ́tò bẹntiróòlù tó tó o ń mu bíi lítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Iye tó wà ní pọ́ńpù lọ́jọ́ náà àti iye tí ẹ fi ra káàdì iná ni kí ẹ fi sọ ọ́ di owó.

Ẹ má fi ti bátìrì pamọ́. Leaf ò ní omi tó ń tu tirẹ̀ lára bíi ti Kona, ooru wa sì ń jẹ ẹ́. Igi méjìlá tó ń fi agbára bátìrì hàn ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹyọ kan ń lọ tí agbára bá ti dín ní bíi 15%. Ẹ gbé èyí tó ti pàdánù igi wá, kí ẹ ṣí LeafSpy, áàpù tó ń fi ipò bátìrì Leaf hàn, lórí fóònù. Irú òótọ́ báyìí ni ìdí tí National Drive Electric Week, ètò tí wọ́n fi ń fi mọ́tò oníná han ará ìlú, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2011, fi gbára lé àwọn tó ni mọ́tò: wọn ò ní ohun tí wọ́n ń tà.

OlóríWáyà: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀kadà ńkọ́?

Bátìrì40: Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì, kó ti òmíràn bọ̀ ọ́. Bí Spiro, ilé-iṣẹ́ ọ̀kadà oníná, ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn ní Benin àti Togo nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ nu ojú ibi tí plọ́ọ̀gì ti wọlé. Bí eruku bá dí i, kò ní gbáná.