Kí ni ká máa pe àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ìgbà Lẹ́ńtì?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará. Ẹ sì kú àwẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbà á.

Arábìnrin wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún ìjọ wọn béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wa. Ìjọ wọn fẹ́ kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan lọ́wọ́ láti Ọjọ́rú Eérú títí di Àjíǹde, kí ó máa ka ẹsẹ Bíbélì kan lójúmọ́, kí ó jókòó tì í, kí ó sì kọ ohun tí ẹsẹ náà bá ṣe nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kò rí orúkọ tó lè tẹ̀ sí iwájú ìwé pélébé náà. Títí di àná, orúkọ mẹ́rin ló ti jáde láàárín wa: jọ́nàlì, ìwé ìrántí ojoojúmọ́, àròkọ àṣàrò, àti ìjẹ́wọ́ kíkọ. Mo ti ka ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi gbe tirẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màá sọ ìdí rẹ̀, nítorí tí a bá fún nǹkan yìí lórúkọ tí kò bá a mu, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí jọ́nàlì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò ni mo fi kọ̀ ọ́. Àdúrà, ìwàásù, àlùfáà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Kristẹni Yorùbá ti gba gbogbo wọn, wọ́n sì ti di tiwa pátápátá. Kódà níbi tí Bíbélì ti pàṣẹ pé kí wòlíì kọ̀wé, ní Hábákúkù 2:2, ohun tí àwọn baba wa túmọ̀ ni "Kọ ìran náà, kí o sì hàn án lára wàláà". Wàláà tí ọmọ ilé kéú ń kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí náà ni. Ẹnu wa kò kọ àyálò.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìtàn tí jọ́nàlì ní lórí ilẹ̀ wa. Láyé ọjọ́un, ẹgbẹ́ CMS, àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn pé kí wọ́n kọ ìròyìn ojoojúmọ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí London. Àjàyí Crowther kọ tirẹ̀ nígbà ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ti Schön, míṣọ́nnárì tí wọ́n jọ lọ, ní 1842. James White kọ tirẹ̀ l'Ọ́tà, Samuel Johnson kọ tirẹ̀ n'Ìbàdàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ìṣúra ńlá ni ìwé wọ̀nyẹn, wọ́n wà ní Yunifásítì Birmingham dòní olónìí, orí wọn sì ni onímọ̀ àwùjọ náà, J.D.Y. Peel, gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nípa Yorùbá àti ìsìn Kristi kà. Ogun wà níbẹ̀, àríyànjiyàn pẹ̀lú babaláwo wà níbẹ̀, ikú ọmọ àti ìyàwó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìgbìmọ̀ tó rán wọn níṣẹ́ kò kúrò lára ìwé náà. Ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá kà á, ẹni náà sì ni ọ̀gá. Ìròyìn iṣẹ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí ẹni tó kọ ọ́ máa ń yọjú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wá sọ pé ìyẹn fi hàn pé Yorùbá kò ní àṣà kíkọ nǹkan fún ara ẹni níwájú Ọlọ́run. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1925 ni Josiah Oshitelu ti Ògèrè Rẹ́mọ ti ń kọ ìran àti ohùn tó ń gbọ́ sínú ìwé, ọdún díẹ̀ kí ó tó dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní 1930. Títí dòní, nínú ìjọ Aládùúrà, bí ẹ̀mí bá ti gbé aríran, ẹnì kan á ti mú bírò àti ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tí a sọ fún èèyàn ni ìyẹn ń kọ. Àkọsílẹ̀ ìran ni, ó sì ti ní orúkọ tirẹ̀. Èyí tí arábìnrin wa ń bi wá ti inú ẹni tó ń kọ ọ́ jáde.

Ìwé ìrántí ńkọ́? Orúkọ dáadáa ni fún ibi tí a ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí, tàbí iye tí ẹbí dá nígbà òkú bàbá. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni ìrántí ń tọ́jú kí ó má baà sọnù. Nǹkan ìgbà Lẹ́ńtì yìí lè má ní ohunkóhun láti tọ́jú. Ẹ wo Ignatius ti Loyola, àlùfáà Àgùdà tó dá ẹgbẹ́ Jẹ́súìtì sílẹ̀. Apá kan nínú ohun tó ń kọ lójoojúmọ́ ní Róòmù kù sílẹ̀ fún wa, láti oṣù kejì ọdún 1544 dé oṣù kejì ọdún 1545. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ inú Lẹ́ńtì ọdún 1544, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé yẹ̀ wò níbẹ̀: ṣé kí àwọn ilé ìjọsìn ẹgbẹ́ Jẹ́súìtì ní owó tí yóò máa wọlé fún wọn déédéé ni, tàbí kí wọ́n wà nínú òṣì tó pé. Lójoojúmọ́ ó ń kọ bí inú rẹ̀ ṣe rí nígbà Máàsì, bóyá omijé wá, bóyá kò wá, bóyá ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ìpinnu náà. Kò kọ ọ́ kí ó má baà gbàgbé. Ó ń kọ ọ́ kí ó lè mọ ibi tí Ọlọ́run ń darí òun sí.

Àròkọ àṣàrò ló sún mọ́ ọn jù, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àṣàrò fúnra rẹ̀ dára gan-an. Orí ìkíní Sáàmù ti fi fún wa: "nínú òfin rẹ̀ ni ó ń ṣe àṣàrò ní ọ̀sán àti ní òru." Àròkọ ni ìṣòro. Tí ẹ bá tú u, ohun tí a rò tí a sì kọ ni, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ti gbà á. Gbogbo ẹni tó jókòó sí kíláàsì Yorùbá rí ló mọ̀ pé àròkọ ní ìfáárà àti ìgúnlẹ̀, pé tíṣà á mú bírò pupa, á sì fún un ní máàkì. Ẹ kọ àròkọ sí iwájú ìwé pélébé náà, kí ẹ wá wo ohun tí àwọn ọmọ ìjọ máa kọ: gbólóhùn tó dán, èrò tó ti parí. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó jẹ́ òtítọ́ jù tí èèyàn lè kọ ní ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì kò ju "Olúwa, ó ti sú mi" lọ. Àròkọ kò ní àyè fún ìyẹn.

Bàbá wa tó mú ìjẹ́wọ́ kíkọ wá fi Antony ti Íjíbítì, ẹni mímọ́ ayé àtijọ́ tó gbé nínú aṣálẹ̀, gbè é lẹ́sẹ̀, inú mi sì dùn pé wọ́n mú un wá, nítorí òun ni ẹ̀rí tó pẹ́ jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìtàn ayé rẹ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù Athanasius kọ ní sẹ́ńtúrì kẹrin, Antony gba àwọn mọ́ńkì, àwọn tó kọ ayé sílẹ̀, tó yí i ká nímọ̀ràn pé kí olúkúlùkù máa kọ ìṣe rẹ̀ àti ohun tó ń rú nínú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ lọ sọ ọ́ fún arákùnrin rẹ̀. Ojú á tì í láti kọ ohun burúkú, nípa bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ ṣe é. Ìwé náà á dúró fún ojú àwọn ará.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ bá mi tún gbólóhùn yẹn wò. Ìwé ló rọ́pò ojú àwọn ará. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kà á. Ìjẹ́wọ́ kò lè ṣe é láìsí ẹni tó ń gbọ́ ọ: nínú Ìjọ Àgùdà, àlùfáà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì ń fúnni ní ìdáríjì ní orúkọ Ọlọ́run. Ní ìgboro wa, olè tí wọ́n mú ló ń jẹ́wọ́, àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́. Ẹ̀rù á ba ìyá àgbà láti mú ìwé tí wọ́n kọ ìjẹ́wọ́ sí lẹ́yìn lọ sílé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ nìkan kọ́ ni èèyàn ń kọ. Ọpẹ́ wà níbẹ̀, ìbínú sí Ọlọ́run pàápàá wà níbẹ̀.

Ohun tí mo dábàá rèé. Sáàmù 4:4 sọ pé: "ẹ bá ọkàn yín sọ̀rọ̀ lórí ẹní yín, kí ẹ sì dúró jẹ́ẹ́." Ohun tí à ń wá ni àwọn baba wa ti sọ yìí, ẹnu àwọn ìyá ìjọ sì mọ̀ ọ́n. Tí bá ọkàn sọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀ orúkọ, ìbọ́kànsọ̀rọ̀ ni. Kò sí ohun àjèjì nínú bí ó ṣe jẹ jáde: gbé ọkàn lé fún wa ní ìgbọ́kànlé, fi ọkàn sìn fún wa ní ìfọkànsìn, bá ni sọ̀rọ̀ fún wa ní ìbánisọ̀rọ̀. Etí ìjọ ti mọ gbogbo wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé Ọlọ́run ni ká máa bá sọ̀rọ̀ ní Lẹ́ńtì, kì í ṣe ara wa. Onísáàmù ṣe méjèèjì pọ̀. "Èéṣe tí orí rẹ fi tẹ̀ ba, ìwọ ọkàn mi?" Ọkàn rẹ̀ ló ń bi, iwájú Ọlọ́run ló sì ti ń bi í. Ẹni tí kò bá béèrè ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ̀ kò mọ ohun tí yóò gbé lọ síwájú Ọlọ́run.

Òmíràn á ní kò sí kíkọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa sọ pé a kọ ìbọ́kànsọ̀rọ̀, bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Ìwé tí a kọ ọ́ sí á jẹ́ ìwé ìbọ́kànsọ̀rọ̀. Ìyá tí kò mọ̀wé kọ, tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù lálaalẹ́, ìbọ́kànsọ̀rọ̀ lòun náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá ní kíkọ nínú máa ti ìyá náà síta, àwọn bíi tirẹ̀ kò sì kéré nínú ìjọ wa.

Ibì kan ṣoṣo ni n kò ti ní gbà kí a lo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ń gbé àṣàrò Lẹ́ńtì wọn sórí WhatsApp ní àràárọ̀. Ó dára, ó ń gbé àwọn mìíràn ró. Ẹ̀kọ́ ni, tàbí ìwàásù kúkúrú. Ìhìn rere tí wọ́n ń kà ní Ọjọ́rú Eérú ní kí a wọ inú iyàrá lọ, kí a sé ìlẹ̀kùn, kí a gbàdúrà sí Baba tí ń bẹ ní ìkọ̀kọ̀. Ìgbà tí èèyàn bá ti ń ronú nípa ẹni tó máa kà á, ọ̀rọ̀ London ti tún dé nìyẹn.

Arábìnrin wa, tí ọ̀rọ̀ yìí bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè tẹ èyí sí ojú ewé àkọ́kọ́: "Ìwé Ìbọ́kànsọ̀rọ̀ fún Lẹ́ńtì. Ka ẹsẹ ọjọ́ òní. Dúró jẹ́ẹ́. Bi ọkàn rẹ léèrè ohun tó gbọ́, kí o kọ ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe wá. Kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ kà." Ogójì ojú ewé kò ní tó tí ìjọ yín bá fẹ́ kí àwọn èèyàn kọ ọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi náà. Ọjọ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà láti Ọjọ́rú Eérú dé ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, torí pé àwọn ọjọ́ Ìsinmi kò sí nínú ogójì tí ìjọ ń kà.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin tí ẹ wà láàárín wa, kí ni ìjọ tiyín ń pè é? Tí ẹ bá ti ní ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí arábìnrin wa tó gbé iṣẹ́ lọ fún àwọn atẹ̀wé.