Dókítà fura sí àrùn láìsósóòmù lára ọmọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ, Ṣàgámù:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 4, ni ikùn rẹ̀ wú lápá òsì, ẹ̀jẹ̀ a sì máa ya nímú rẹ̀ lóru débi pé orí ìrọ̀rí ni mo ti ń bá a láàárọ̀. Ó tún máa ń sunkún egungun itan. A wo ibà títí, kò lọ. Dókítà kan wá ní òun fura sí àrùn Gaucher, pé láìsósóòmù ló kàn, pé àrùn ìdílé ni. Ìyá ọkọ mi ní kí a sín gbẹ́rẹ́ sí ibi tó wú náà. AA ni èmi àti ọkọ mi. Ibo ni àrùn ìdílé ti wá gbà wọlé?

Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Láìsósóòmù ni àwọn àpò kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì tí Christian de Duve, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù, ṣàwárí ní 1955. Inú wọn ni ohun tó ti gbó nínú sẹ́ẹ̀lì, àti kòkòrò tí sẹ́ẹ̀lì bá gbé mì, ti ń dà bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn, kí ara lè tún èròjà wọn lò. (Ó dùn mí pé àwa olùkọ́ kì í sọ ju ìlà méjì lọ lórí rẹ̀ ní kíláàsì.) Inú àpò náà kan, torí pé inú kíkan ni ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń da nǹkan) bí 60 tó wà níbẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, àwa tí a ń jẹ́ kí gbágùúdá kan kí a tó yan gàrí mọ̀ pé kíkan níṣẹ́ tirẹ̀.

Bí ẹ́ńsáìmù kan péré kò bá tó, ohun tí òun nìkan lè dà yóò máa jọ síbẹ̀. Ọ̀rá kan ni nínú Gaucher. Ó ń kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ògbólógbòó ẹ̀jẹ̀ mì, àwọn wọ̀nyí sì pọ̀ lábẹ́ ìhà òsì, nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú mùdùnmúdùn eegun. Ìdí nìyẹn tí ikùn fi ń wú, tí egungun fi ń ro ni, tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tètè dá.

Ní ti AA, jíìnì ẹ̀jẹ̀ pupa nìkan ni káàdì yẹn ń sọ. GBA1 ni jíìnì ti Gaucher. Bí AS méjì ṣe ń bí SS náà ló rí: baba gbé ẹyọ kan, ìyá gbé ẹyọ kan, ara àwọn méjèèjì dá ṣáṣá, oyún kọ̀ọ̀kan sì ní ìpín 1 nínú 4 láti gba ẹyọ méjèèjì, kí àrùn náà sì mú un. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá yín lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí abẹ kan ikùn ọmọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ra á tàbí tẹ̀ ẹ́, torí ohun tó wú níbẹ̀ lè bẹ́ sínú. Ẹ má fún un ní aspirin. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ́ńsáìmù glucocerebrosidase wò, òun ni kì í tó nínú Gaucher; ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n sá gbẹ lórí ìwé ṣeé fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tó jìnnà. Bó bá jẹ́ òun ni, láti 1991 ni wọ́n ti ń fa ẹ́ńsáìmù náà sára, lọ́sẹ̀ méjì-méjì lọ́pọ̀ ìgbà, ikùn a sì fà. Ó wọ́n púpọ̀, nítorí náà ẹ bi dókítà nípa ètò ìrànlọ́wọ́.

Ìyá Ọmọ, Ṣàgámù:
Mo ka èsì yín sí ìyá ọkọ mi létí, wọ́n ní kí a gbé abẹ sílẹ̀. Mo ti kọ orúkọ ẹ́ńsáìmù náà sẹ́yìn káàdì rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 1 ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ gbé òun náà dání lọ́jọ́ yẹn, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀.