Ìdíje ìtàn kúkúrú: kí ni adájọ́ ń wò, báwo ló sì ṣe yẹ kó dá a?

Olùbéèrè:
Mo kí gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ òǹkàwé àdúgbò wa máa ń ṣe ìdíje ìtàn kúkúrú lọ́dọọdún. Mo ti fi ìtàn sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n orúkọ mi kò jáde rí, àní láàárín àwọn tí wọ́n yàn fún ìpele kejì pàápàá. Wọn kì í ṣe àlàyé kankan fún ẹni tí kò bá yege. Ní báyìí, wọ́n ní kí n wà lára àwọn adájọ́ mẹ́ta tí yóò ka ìtàn àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún yìí. Ọ̀nà méjì ni ìbéèrè mi pín sí: kí ni adájọ́ ń rí nínú ìtàn kan tó fi ń yà á sọ́tọ̀ láàárín ọ̀pọ̀, báwo ni mo sì ṣe lè dá ẹjọ́ náà láìṣe ojúsàájú, nígbà tó jẹ́ pé mo mọ díẹ̀ lára àwọn ọmọ tó fẹ́ díje?

Adájọ́ Àtijọ́:
Ẹ kú ìbéèrè o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀, mo sì lè sọ fún yín pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń já ní ìpele àkọ́kọ́ ló jẹ́ pé òfin ni wọn kò kà dáadáa. Òmíràn á ti kọjá iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá, òmíràn á gbé orúkọ òǹkọ̀wé sórí gbogbo ojú-ìwé nígbà tí òfin ní kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, òmíràn á sì ti wà lórí Facebook kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìdíje ńláńlá kò yàtọ̀ ní ti èyí: Commonwealth Short Story Prize kì í gba owó lọ́wọ́ olùdíje, ṣùgbọ́n kì í gba ìtàn tí kò tó 2,000 ọ̀rọ̀ tàbí tó ju 5,000 lọ, kì í sì í gba èyí tí a ti tẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn òfin ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹ jẹ́ ká ní ìtàn kan dá lórí obìnrin tó rí lẹ́tà kan lábẹ́ ìbùsùn ọkọ rẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́, bí ẹyẹ ṣe ń ké, bí obìnrin náà ṣe jí tó sì wẹ̀, àti ibi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti pàdé, tí lẹ́tà náà kò sì jáde títí di ojú-ìwé kẹta, adájọ́ tí ìtàn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á ti rẹ̀ kí ó tó débẹ̀. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan bébà náà ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà, bí wọ́n bá fún yín ní àkòrí, ẹ má ṣe lo èrò tó kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, nítorí òun náà ló kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ́kàn. Ní ti ìtàn tí ẹ̀dá rẹ̀ bá jí níkẹyìn tó rí i pé àlá ni òun ń lá, mi ò ní sọ ohun tí a máa ń sọ sí i nínú ìpàdé.

Onímáàkì:
Ẹ jẹ́ kí n mú apá kejì. Ẹni tí kò sí lára àwọn adájọ́ ni kó gba ìtàn wọlé, kí ó yọ orúkọ kúrò, kí ó sì fún ìtàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá ṣì dá ìtàn ọmọ kan mọ̀, ẹ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, kí ẹ má sì fún un ní máàkì rárá, ìbáà jẹ́ púpọ̀ tàbí díẹ̀, nítorí ẹni tó ń sá fún ojúsàájú lè le ju bó ṣe yẹ lọ. Kí olúkúlùkù fi máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì ka ìtàn ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan náà, nítorí ojú tí a fi ń ka ìtàn àkọ́kọ́ kọ́ la fi ń ka èyí tó gbẹ̀yìn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìṣirò. Bí adájọ́ mẹ́ta bá fún ìtàn kan ní 7, 7 àti 7, ó di 21. Bí wọ́n bá fún òmíràn ní 10, 6 àti 4, ó di 20. Èyí tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú ti borí èyí tí ẹnì kan fẹ́ràn tọkàntọkàn nìyẹn. Adájọ́ tó ń fún ènìyàn ní 2 títí dé 10 á sì máa darí èsì ju ẹni tí máàkì rẹ̀ kì í kúrò láàárín 5 sí 7 lọ.

Òǹkọ̀wé kan:
Ọ̀rọ̀ Onímáàkì yìí gan-an ni mi ò fi gbà pé kí máàkì nìkan dájọ́. Ẹ fi máàkì yọ àwọn tí yóò dé ìpele ìkẹyìn, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹ jókòó, kí olúkúlùkù sọ ìdí tó fi fẹ́ ìtàn tó fẹ́, kí ó sì ka ìpínrọ̀ tó mú un lọ́kàn sókè. Mo fẹ́ kí Olùbéèrè náà mọ̀ pé ìtàn rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ẹnì kan jà fún tí kò rí ẹlòmíràn tì í lẹ́yìn.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ẹyọ kan: ṣé kí n gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tí ìtàn rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí àmì ohùn rẹ̀ kò pé?

Adájọ́ Àtijọ́:
Bí òfin ìdíje bá ti kéde máàkì fún àkọtọ́, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbà ju iye tí wọ́n kéde lọ. Bí òfin kò bá sọ nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí yóò tún ìtàn náà yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọmọ náà nípa rẹ̀, ìbáà yege tàbí kò yege.